Ẹ̀dà Dungeons & Dragons wo ni ká mú? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ọ̀rẹ́ lè ti kó ara wọn jọ, kí wọ́n ti ra dáìsì, kí wọ́n ti fi ọjọ́ Sátidé sí i, kí gbogbo rẹ̀ wá dúró sórí ìbéèrè kan: ìwé wo ni ká rà? Ó máa ń dùn mí bí eré bá kú síbẹ̀, torí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni mo kọ sílẹ̀ yìí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn.

Kí ni D&D gan-an, ká tó máa sọ̀rọ̀ ẹ̀dà?

Ìtàn ni, tí èèyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún jókòó tí wọ́n jọ ń sọ. Ẹnì kan nínú wọn ni DM (Dungeon Master), ẹni tó ń darí eré. Òun ló mọ ohun tó wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, òun ló ń fi ohùn ọ̀tá àti ti ọlọ́jà sọ̀rọ̀, òun ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn tó kù, tí à ń pè ní òṣèré, á mú ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan: jagunjagun, àlùfáà, olè, oṣó. Ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Bí kò bá dájú pé ó máa ṣeé ṣe, ẹ ó da dáìsì. Dáìsì oníojú 4, 6, 8, 10, 12 àti 20 ni wọ́n ń lò. Ìgbà tí ẹ ó dà á, iye tó gbọ́dọ̀ mú wá, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá mú un wá, ìyẹn ló ń yàtọ̀ láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà.

Ẹ̀dà mélòó ló wà, ta ló sì ṣe wọ́n?

Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé ti àkọ́kọ́ jáde. Ilé-iṣẹ́ TSR ló tẹ̀ ẹ́, ní ìlú Lake Geneva, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Ìwé pélébé mẹ́ta ni, nínú páálí kan. Àwọn tó ti ń fi ère kéékèèké ja ogun lórí tábìlì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún, nítorí náà ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọn ò ṣàlàyé rárá.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì, ibẹ̀ ló sì máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ọ̀nà kan ni Advanced Dungeons & Dragons, tí Gygax kọ: ìwé àwọn ẹ̀dá abàmì jáde ní 1977, ti àwọn òṣèré ní 1978, ti DM ní 1979. Ọ̀nà kejì ni wọ́n ń pè ní Basic, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. J. Eric Holmes ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1977. Tom Moldvay tún un kọ ní 1981, David Cook àti Steve Marsh sì fi ìwé Expert tì í lẹ́yìn lọ́dún kan náà. Frank Mentzer bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1983, òun ló wà nínú páálí pupa tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ní 1991, Aaron Allston kó ti Mentzer jọ sínú ìwé kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Rules Cyclopedia. Ọ̀nà méjèèjì jọ ń lọ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, TSR sì ń ta méjèèjì.

Ẹ̀dà kejì ti Advanced jáde ní 1989. Gbèsè wọ TSR lọ́rùn, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast sì rà á ní 1997. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Hasbro, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré, ra Wizards. Wizards gbé ẹ̀dà kẹta jáde ní 2000, wọ́n tún un ṣe ní 2003, òun là ń pè ní 3.5. Ẹ̀dà kẹrin jáde ní 2008, ẹ̀dà karùn-ún ní 2014. Ní 2024 wọ́n tún ẹ̀dà karùn-ún kọ, ṣùgbọ́n wọn ò pè é ní ìkẹfà.

Ṣé kì í ṣe èyí tó jáde kẹ́yìn ló yẹ kí gbogbo èèyàn mú?

Rárá o. Ẹ̀dà tuntun kì í sọ ti àtijọ́ di àkísà bí fóònù tuntun ṣe ń ṣe fún fóònù àná. Ìwé 1981 ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò dúró de ilé-iṣẹ́ kankan.

Àǹfààní ńlá tí ẹ̀dà karùn-ún ní ni èèyàn. Bó bá jẹ́ pé àárín àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí lẹ ti fẹ́ ṣeré, yálà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù eré kan ní London tàbí Houston, òun lẹ máa bá níbẹ̀ jù. Fídíò tó ń kọ́ni pọ̀, ìtàn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ pọ̀, ẹni tẹ́ ẹ lè bi léèrè náà pọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó ń pàdé ní pálọ̀ ẹnì kan ni yín, èèyàn tẹ́ ẹ nílò ti pé. Ẹ̀dà yòówù tẹ́ ẹ bá mú, ẹ̀yin náà lẹ jọ máa ṣe é.

Ta ló yẹ kó yan ẹ̀dà?

DM. Lórí èyí, mi ò kí ń gbà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn òṣèré lè máa kọ́ òfin bí eré bá ṣe ń lọ, ẹnì kan á máa rán ẹnì kejì létí. DM ò ní irú àyè yẹn. Òun ló máa kàwé kí ọjọ́ eré tó pé, òun ló máa múra ọ̀tá àti ìṣúra sílẹ̀, òun ni gbogbo ojú máa yíjú sí nígbà tí òfin bá ta kókó.

Ẹ wo iye ojú ìwé tó wà níbẹ̀. Basic ti Moldvay jẹ́ ojú ìwé 64, ti òṣèré àti ti DM pa pọ̀. Ìwé òṣèré nìkan nínú ẹ̀dà karùn-ún ti 2014 jẹ́ 320. Ti 2024 jẹ́ 384. Ìwé DM àti ìwé ẹ̀dá abàmì ṣì wà lọ́tọ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ máa kà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ délé ní alẹ́ ló fẹ́ darí eré yín, tó sì lọ́mọ nílé, ẹ bi í léèrè èwo ló lè kà, kẹ́ ẹ tó bi í léèrè èwo ló wù ú. Kó mú méjì tàbí mẹ́ta wá tó lè gbé, kí ẹ̀yin yòókù wá yan ọ̀kan níbẹ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ tí a máa fojú rí lórí tábìlì?

Ẹ jẹ́ ká mú àpótí kan. Ó wà ní igun yàrá kan lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n tì í pa, abẹ́rẹ́ olóró kan sì fara pa mọ́ sínú ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Nínú Basic 1981, olè ìpele kìíní ní ìdá 10 nínú 100 péré láti rí ìdẹkùn yẹn. Ó kéré débi pé kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa gbẹ́kẹ̀ lé dáìsì. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Kí la rí bí a bá mú fìtílà sún mọ́ ọn? Ṣé a lè fi ọ̀pá gígùn tì í láti ẹnu ọ̀nà? Ká ní a dojú ẹ̀ délẹ̀ tí a fi àáké la ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? DM á máa dáhùn látinú ohun tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹnì kan, ó ní àǹfààní dáìsì kan ṣoṣo lórí oró náà. Bí kò bá mú iye tó yẹ wá, ó kú, ó parí. Mo ti rí i tí gbogbo tábìlì pa lọ́lọ́ tí wọ́n ń wo dáìsì kan tó ń yí, kò sì sí ẹ̀dà tuntun kankan tó ń fún mi ní irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Nínú ẹ̀dà kẹta, ẹni tó ti ná àmì ìmọ̀ rẹ̀ sórí wíwá àti títú ìdẹkùn ló máa bọ́ síwájú. Á da oníojú 20, á fi àmì rẹ̀ kún un, á fi wé iye tí ìwé sọ. Adùn ibẹ̀ ni pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tẹ́ ẹ ń kọ ẹ̀dá-ìtàn yín sílẹ̀, lo ti múra de àpótí yìí. Ẹni tó fẹ́ràn kí iṣẹ́ tó ṣe nílé so èso á gbádùn ẹ̀dà yìí gan-an.

Nínú ẹ̀dà kẹrin, ó ṣọ̀wọ́n kí irú àpótí bẹ́ẹ̀ dá wà. Ìdẹkùn sábà máa ń jẹ́ ara ìjà: iná ń jáde lára ògiri bí ọ̀tá ṣe ń bọ̀, ẹnì kan ń tú u, àwọn tó kù ń bò ó.

Nínú ẹ̀dà karùn-ún, ẹ lè ṣàpèjúwe bí ẹ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, DM á sì fún yín ní àǹfààní: ẹ ó da oníojú 20 méjì, ẹ ó mú èyí tó ga jù. Bí abẹ́rẹ́ bá gún èèyàn, ara á dùn ún, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó kú lójú ẹsẹ̀. Bí iye ẹ̀mí rẹ̀ bá tiẹ̀ já sí òdo, ó ṣì ń da dáìsì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta rere ló máa gbà á là, ẹ̀ẹ̀mẹta búburú ló máa pa á, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì lè wò ó sàn kó tó dé bẹ̀. Ìtàn ẹni tẹ́ ẹ ti fẹ́ràn kò ní tètè já.

Ẹ ka àpótí yìí sétígbọ̀ọ́ àwọn èèyàn yín, kẹ́ ẹ ní kí kálukú sọ èyí tó wù ú. Ìyẹn máa là yín lọ́yẹ̀ ju kẹ́ ẹ máa jiyàn nípa ọdún tí ìwé jáde.

Wọ́n ní ti àtijọ́ le nítorí THAC0. Kí ni ìyẹn?

Iye tó o gbọ́dọ̀ dà lórí oníojú 20 kó o tó lè gbá ẹni tí AC rẹ̀ jẹ́ òdo ni. AC ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ó ṣe ṣòro tó láti fi nǹkan kan ẹnì kan lára. Nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́, bí ìhámọ́ra bá ṣe ń dára sí i ni AC ń lọ sílẹ̀. Nínú ẹ̀dà kejì, ẹni tí kò wọ ìhámọ́ra kankan ní AC 10. Ẹni tó wọ ẹ̀wù irin tó sì mú apata lọ́wọ́ ní 2.

Jagunjagun ìpele kìíní ní THAC0 20. Orc kan, irú ọ̀tá kan tó wọ́pọ̀ nínú eré náà, tó ní AC 6 dúró níwájú rẹ̀. Ẹ yọ 6 kúrò nínú 20, ó ku 14. Bí dáìsì bá mú 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, idà bà á. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dà kẹta ló yí i padà, tó fi jẹ́ pé AC ń gòkè, èèyàn kàn ń da dáìsì tó sì ń fi àmì rẹ̀ kún un. Ìyẹn rọrùn sí i lóòótọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ ìyọkúrò kan ló máa lé yín kúrò nídìí ẹ̀dà tí gbogbo nǹkan yòókù nínú rẹ̀ bá yín lára mu.

Bó bá jẹ́ ti àtijọ́ ló wù wá, èwo nínú wọn?

Basic 1981, pẹ̀lú Expert rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ìwé òfin D&D tó ṣe ṣókí tó bẹ́ẹ̀ tó sì yé èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Elf, dwarf àti halfling kì í ṣe ìran lásán nínú rẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n: bó o bá ní elf ni ọ́, a ti mọ̀ pé ò ń lo idà, o sì ń pe ọfọ̀. Èèyàn lè parí ẹ̀dá-ìtàn kan kí omi gbígbóná tó hó.

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí, òun gan-an sì ni ọkàn eré náà. Jagunjagun nílò 2,000 XP, ìyẹn àmì ìrírí tó ń gbé ẹ̀dá-ìtàn gòkè láti ìpele dé ìpele, kó tó dé ìpele kejì. Orc kan tẹ́ ẹ bá pa mú 10 XP wá, tẹ́ ẹ sì máa pín láàárín ara yín. Owó wúrà kan tẹ́ ẹ bá gbé jáde láyọ̀ jẹ́ 1 XP. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń wá ìjà kiri máa kú fún nǹkan kékeré. Ẹgbẹ́ tó bá tan orc jẹ, tó bá wọn dúnàádúrà, tàbí tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lọ kó wúrà wọn, ló máa gòkè. Òfin kan ṣoṣo yìí ti kọ́ àwọn òṣèré ní ọgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ẹnu DM kò lè kọ́ wọn.

Advanced ti Gygax kún fún nǹkan àràmàǹdà, mo sì máa ń kà á fún adùn ẹnu ẹni tó kọ ọ́, àmọ́ ètò rẹ̀ rú pọ̀. Èèyàn lè wá òfin kan títí kó tó rí i. Ẹ̀dà kejì wà létòlétò ju ìyẹn lọ, òun ló sì ní àwọn ayé tó dára jù lọ nínú ìtàn D&D: Ravenloft, Dark Sun, Planescape. Ṣùgbọ́n XP wúrà ti di ohun tí DM lè lò tàbí kó pa tì nínú rẹ̀, eré náà sì ti ń lọ síbi ìtàn akọni.

Bí ẹ ò bá fẹ́ ìwé àtijọ́ fúnra rẹ̀, Gavin Norman tún òfin Basic àti Expert tò sínú Old-School Essentials ní 2019. Òfin náà kò yí padà, ètò rẹ̀ ló túbọ̀ mọ́ sí i, AC tó ń gòkè sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí THAC0 kò bá lára mu.

Ẹ̀dà kẹta, 3.5, Pathfinder: kí ló so wọ́n pọ̀?

Jonathan Tweet, Monte Cook àti Skip Williams ló ṣe ẹ̀dà kẹta. Wizards fi ìwé àṣẹ kan tì í lẹ́yìn, OGL, tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti lo òfin náà nínú ìwé tirẹ̀. Nígbà tí Wizards wá fi 3.5 sílẹ̀ lọ sí ẹ̀dà kẹrin, ilé-iṣẹ́ Paizo lo àṣẹ yẹn, wọ́n tún 3.5 ṣe, wọ́n sì gbé e jáde ní 2009 pẹ̀lú orúkọ Pathfinder. Ẹ̀dà kejì Pathfinder jáde ní 2019, ó sì ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ gan-an.

Ẹ mú 3.5 tàbí Pathfinder àkọ́kọ́ bí àwọn èèyàn yín bá jẹ́ irú tó máa ń jókòó láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń tún ẹ̀dá-ìtàn wọn tò. Ẹ máa ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Ẹni tí kò mọ̀ lè yan àwọn ẹ̀bùn tí kò wúlò, kó wá rí i ní ìpele kẹfà pé ọ̀rẹ́ òun ti fi òun sílẹ̀ jìnnà. DM pẹ̀lú, bí ìpele bá ti ga, iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ máa wọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí ọ̀tá kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ gígùn tirẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn ń bú ẹ̀dà kẹrin?

Torí ó yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n mọ̀. Gbogbo iṣẹ́, látorí jagunjagun dé orí oṣó, ló ní agbára tí wọ́n pín sí mẹ́ta: èyí tó ṣeé lò nígbàkúùgbà, èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ìjà kan, àti èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ó gba pátákó tí wọ́n fa ilà sí, kẹ́ ẹ máa sún ère lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kì í ṣe D&D mọ́.

Mi ò gbà. Bó bá jẹ́ ìjà tó ń gba ọgbọ́n ni tábìlì yín fẹ́ràn, tí kálukú ní ipa tirẹ̀, tí jagunjagun kì í ṣe ẹni tó kàn ń sọ "mo tún gbá a", kò sí ẹ̀dà tó ṣe é dáadáa tó o. Àbùkù rẹ̀ ni àkókò: ìjà kan lè jẹ wákàtí kan. Bó bá jẹ́ wákàtí méjì péré lẹ ní, ẹ wá òmíràn.

Karùn-ún: ti 2014 tàbí ti 2024?

Bẹ́ ẹ bá ti ní ti 2014, ẹ máa lò ó lọ. Bẹ́ ẹ kò bá ní ìkankan, ẹ mú ti 2024, torí òun ni ìwé tuntun máa bá lọ.

Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìyàtọ̀ àárín ẹ̀dà kan sí òmíràn. Nínú ti 2024, ohun ìjà kọ̀ọ̀kan ní àrà tí jagunjagun lè fi dá. Ìgbésí ayé tí ẹ̀dá-ìtàn gbé ṣáájú ló ń fi kún agbára rẹ̀ báyìí dípò ìran tó ti wá. Gbogbo iṣẹ́ sì ń yan ẹ̀ka rẹ̀ ní ìpele kẹta. Ìtàn tí wọ́n kọ fún 2014 ṣeé lò pẹ̀lú òfin 2024 láìsí wàhálà púpọ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí òṣèré kan mú jagunjagun 2014, kí èkejì mú ti 2024 lórí tábìlì kan náà. Á máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ṣáá. Ẹ mú ìwé òṣèré kan fún gbogbo yín.

Owó ò sí, ìwé náà sì wọ́n. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tó fẹ́ ra ìwé mẹ́ta ẹ̀dà karùn-ún ní owó dọ́là, kó tún san owó ọkọ̀ tó máa gbé e wá, á rí i pé owó ńlá ni. Kò sì pọn dandan. Wizards fi òfin ẹ̀dà karùn-ún sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní SRD: 5.1 fún 2014, 5.2 fún 2024. Basic Fantasy, tó sún mọ́ ti 1981 gan-an, ọ̀fẹ́ ni látòkè délẹ̀. Old-School Essentials ní ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Òfin Pathfinder wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Archives of Nethys, Paizo ló sì fọwọ́ sí i. Ìwé àtijọ́ TSR náà wà fún títà ní PDF lórí DriveThruRPG, tẹ́ ẹ lè kà lórí fóònù.

Dáìsì ńkọ́? Ti lúdò ní ojú 6. Fún èyí tó kù, fóònù lè bá yín dà á. Ẹ sì lè kọ 1 dé 20 sórí bébà kéékèèké, kẹ́ ẹ dà wọ́n sínú abọ́ kẹ́ ẹ máa mú ọ̀kan láìwò. TSR gan-an ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí dáìsì wọ́n wọn: bébà onínọ́ńbà ni wọ́n fi sínú páálí Holmes dípò dáìsì.

A fẹ́ ṣe é ní èdè Yorùbá, nínú ìgbó tiwa, pẹ̀lú egbére àti iwin tiwa. Ẹ̀dà wo ló gbà á?

Láti sọ ọ́ ní Yorùbá lórí tábìlì yín, gbogbo ẹ̀dà ló gbà á. Kí DM máa fi Yorùbá ṣàpèjúwe, kẹ́ ẹ jẹ́ kí AC àti XP wà bí wọ́n ṣe wà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ ìwé kẹ́ ẹ sì tà á, ẹ̀dà karùn-ún ló là yín lọ́nà jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìròyìn jáde pé Wizards fẹ́ yí OGL padà. Ariwo ta gan-an láàárín àwọn tó ń ṣeré náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, wọ́n gbé SRD 5.1 sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, èyí tí wọn ò lè gbà padà mọ́. Ẹnikẹ́ni lè tú u sí èdè mìíràn, kó yí i padà, kó sì tà á, bó bá ṣáà ti dárúkọ ibi tó ti mú un. Wizards ti gbé e jáde ní èdè Faransé, Jámánì, Ítálì àti Sípéènì. Ti Yorùbá kò gba kí ẹnikẹ́ni tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, ó sì wù mí gan-an kí ẹnì kan dáwọ́ lé e. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìwé títà ló wà nínú SRD o. Ẹ̀dá abàmì tó ń jẹ́ beholder, fún àpẹẹrẹ, kò sí lára àwọn ẹ̀dá tí wọ́n kọ òfin wọn síbẹ̀.

Fún ìtàn ọdẹ nínú igbó, èmi á mú òfin Basic. Egbére ń sunkún kiri pẹ̀lú ẹní rẹ̀, ẹni tó bá sì gba ẹní náà di olówó. Ẹ fi 1,000 XP sí ẹní yẹn, kẹ́ ẹ má fi nǹkan kan sí pípa egbére. Ẹ ó rí i bí àwọn èèyàn yín ṣe máa ronú.

Ṣé a lè lo ìtàn tí wọ́n kọ fún ẹ̀dà mìíràn?

Láàárín Basic àti Advanced, ẹ lò ó bó ṣe wà. Láti ti àtijọ́ sí ẹ̀dà karùn-ún, ẹ má ṣe ìṣirò nọ́ńbà kankan: bí ìtàn bá ní ogre, irú òmìrán kan, wà níbẹ̀, ẹ ṣí ìwé tiyín kẹ́ ẹ mú ogre tó wà níbẹ̀. Ẹ dín wúrà kù, torí wọ́n kó o síbẹ̀ fún XP, nínú ẹ̀dà karùn-ún ó kàn máa sọ gbogbo yín di olówó tí kò rí nǹkan rà.

Àwa márùn-ún kò fẹnu kò. Kí la ṣe?

Kí DM yan ẹ̀dà méjì, kẹ́ ẹ ṣe ìtàn kúkúrú kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó lè parí lọ́jọ́ kan. Ẹ má fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀ torí ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tó ń kígbe pé òun ò lè ṣe ti àtijọ́ lè jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ wá ọ̀pá gígùn fún àpótí yẹn.

Nígbà wo la máa mọ̀ pé èyí tá a mú kò bá wa mu?

Bí ojú àwọn èèyàn bá ń wà nínú ìwé ju ara DM lọ ní gbogbo ìgbà, òfin ti pọ̀ jù fún yín. Bí wọ́n bá ń bèèrè ohun tí ẹ̀dá-ìtàn wọn tún lè ṣe tí ìwé kò sì ní èsì, òfin kéré jù. Bí DM bá ń wá àwáwí kó má bàa múra sílẹ̀, ẹ yí i padà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ fi orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn, ìlú wọn àti àwọn ọ̀tá wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ kọ ìwé tuntun fún kálukú ní ìpele tó sún mọ́ ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bá ìtàn lọ láti ibi tẹ́ ẹ bá a dé.